Ohùn Olúwajùwọ́nlọ Nínú Àwo Orin

Àtìkòrì, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Olúwajùwọ́nlọ, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá tí ó tún fi èémí sí wa nímú ní àárọ̀ yìí, tí ó sì fún ọwọ́ àgbà ní agbára láti di kálámù mú. Ara mi le, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ọ̀tún kò fẹ́ kí n kúnlẹ̀ pẹ́ mọ́. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ṣì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tí mo ń darí, kò sì tíì sinmi àtimáa bá mi jiyàn níwájú wọn.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù pé ẹgbẹ́ rẹ ti ṣe àwo orin tuntun. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí: ìkíni ni mo ń fi fóònù ṣe, ọ̀rọ̀ tí ó bá wúwo, ìwé ni mo ń kọ ọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Míṣọ́ọ̀nù ṣe kọ́ wa, pé ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ti rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà mo fẹ́ bi ọ́ léèrè, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. Ó ti pẹ́ tí o ti fi ẹ̀kọ́ ìpoògùn sílẹ̀ nítorí orin. Mo dákẹ́, mo ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjọ bá ní, "Tíṣà, kí ni ọmọ yín tí ó wà ní Amẹ́ríkà ń ṣe?" ẹnu mi a wúwo. Bí mo bá ní olórin ni, wọn a ní, "Orin Ọlọ́run ni àbí orin ayé?" Ọ̀rọ̀ ti ẹ̀gbọ́n rẹ Ìbíyẹmí rọrùn: amòfin ni, Ìbàdàn ni ó ń gbé, ó tán.

Kọ ìtàn iṣẹ́ rẹ sí mi láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ń kọ̀wé sí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Kí o sì fi àwo náà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́, èyí tí ènìyàn lè fọwọ́ mú. Orin inú fóònù ń dún létí mi bí eṣinṣin tí ó há sínú agolo.

Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zechariah.


Columbus, Ohio,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ̀yin àti Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú ara yín, ẹ sì kú àdúrà orí wa.

Àwa mẹ́ta ni a wà nínú ẹgbẹ́ náà. Sharon, ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan, ni ó ń lùlù. Jedidiah ni ó ń ta jìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Èmi ni mo ń ta jìtá kejì, èmi sì ni aṣáájú orin. Abẹ́ ilé ìyá àgbà Jedidiah ni a ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù àtijọ́ sí. Orúkọ wa ni Late Bell, ìyẹn agogo tí wọ́n ń lù fún àwọn ọmọ tí ó pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí orúkọ náà. Mo mọ̀ pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni yín.

Pọ́ọ̀pù pọ́ńkì ni wọ́n ń pe irú orin wa. Ó yára, jìtá rẹ̀ le, ìlù rẹ̀ ń sáré, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ máa ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á gbé e lẹ́nu délé. Kì í ṣe orin ìjọ, kì í sì í ṣe orin ìṣekúṣe. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń wá àyè wọn láyé ni.

Orí kásẹ́ẹ̀tì ni a kọ́kọ́ gba orin wa sí, tí a ń fọwọ́ ara wa tà á lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ kan tí ń gbé àwo orin jáde mú wa lọ sí Chicago láti ṣe odidi àwo. A fi bọ́ọ̀sì kékeré kan rin ìpínlẹ̀ lóríṣiríṣi. Ní Toledo, àwọn tí ó wá wò wá kò tó àwa fúnra wa, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹni tí ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé Chicago, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo bú sẹ́kún ní àárín orin kan, àwọn èrò sì bá mi kọ ọ́ parí. Bàámi, ó wù mí kí ẹ wà níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà fi wá sílẹ̀ lẹ́yìn àwo yẹn. Wọ́n ní irú orin wa kò lọ lọ́jà mọ́. A lọ sínú abà ńlá tí bàbá Sharon ń kó koríko màlúù sí, a sì ṣe àwo tuntun yìí fúnra wa. Orin mẹ́rin ni. "Ọkọ̀ Ìwópin" ni ó kẹ́yìn. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ìwópin, tí a máa ń sáré lọ sétí omi ní ọjọ́ Ẹtì kí ọkọ̀ má baà fi wá sílẹ̀. Yorùbá ni mo fi kọ ègbè rẹ̀:

Atukọ̀, má tíì lọ,
Mo ń bọ̀ lọ́nà,
Ẹsẹ̀ mi ni kò yá,
Ọkàn mi ti wọlé.

Ó ku ohun kan. Mo wo ìsìn Ìkórè ọdún tí ó kọjá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí i bí baba ilé kọ̀ọ̀kan ṣe dúró níwájú, tí ó dárúkọ ọmọ àti iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ, tí ìjọ sì dáhùn pé "Ọpẹ́ ni fún Olúwa." Ó kàn yín. Ẹ ní, "Ìbíyẹmí, amòfin." Wọ́n dáhùn. Ẹ ní, "Olúwajùwọ́nlọ, tí ó wà ní òkè òkun." Ẹ sì jókòó.

Bàámi, òkè òkun kì í ṣe iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń tọrọ ni pé kí ẹ dárúkọ iṣẹ́ mi ní Ìkórè ọdún yìí.

Olùkọ́ yunifásítì kan, ará Àgọ́-Ìwòyè, ni yóò mú àwo náà bọ̀.

Ọmọ yín,
Olúwajùwọ́nlọ.


Àtìkòrì, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Ọmọ mi,

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tí ó mú àwo náà la òkun já láìfọ́. Ẹni rere ni ẹni tí o fi rán. Ó gbé e wá sí ilé, kò sì jẹ́ kí n fún òun ní nǹkan ju omi lọ.

Nítorí pé ẹ̀rọ àwo tèmi ti kú, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Alhaji Mùtàlíbù ní Jápárà. O mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré. Tirẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn àwo ńlá ìgbà èwe wa ni ó fi ń gbọ́. Ó yẹ àwòrán yín tí ó wà lára páálí wò, ó ní, "Kí rèé, Tíṣà? Àwọn ọmọ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ta ni ó ṣẹ̀ wọ́n?"

Mo ní, "Gbé e sórí ẹ̀rọ, Alhaji. Etí ni a fi ń gbọ́ orin."

A gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn wọ̀ mí lọ́kàn. Àdúrà ni mo kà á sí. Mo ní kí Alhaji máa tún gbé e sí i títí mo fi kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní sol-fa, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ ẹgbẹ́ akọrin wa fún Ìkórè. Àwọn ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀ ni mo fún ní ipò aṣáájú, nítorí pé ọkùnrin ni mo gbọ́ tí ó kọ ọ́.

Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Alhaji ní, "Ọkùnrin yìí mà lóhùn o! Bí ó bá ń gbé Jápárà, òun ni n ó ní kí ó máa pe ìrun fún wa." Mo ní, "Ọmọ mi ni ó ń kọ ọ́." Ó wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ yín ọkùnrin wo?"

Olúwajùwọ́nlọ, o kọ̀wé pé ìwọ ni aṣáájú. Mo wá ohùn rẹ nínú àwo náà, n kò rí i. O kọ̀wé pé orin yín ń sáré. Èyí tí mo gbọ́ ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń tẹ̀lé àgbélébùú wọ ilé ìsìn. Jedidiah, ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ tí wòlíì Nátánì sọ Sólómọ́nì, ni mo rò pé ó ń kọrin. Ohùn rẹ̀ dára. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn máa ta jìtá lẹ́yìn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n n kò tọ́ ọ láti máa bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ ara rẹ, n kò sì lè dúró níwájú pẹpẹ kí n gbé ohùn ẹlòmíràn wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Kọ òtítọ́ sí mi. Èmi yóò gbà á.

Bàbá rẹ,
Zechariah.


Columbus, Ohio,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màámi.

Èmi ni. Kò sí ẹlòmíràn tí ó jẹ́ aṣáájú nínú orin kankan nínú àwo náà. Mo rò pé ẹ lè sọ pé ó le jù, tàbí pé kò yẹ ọmọ Kristẹni. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. N kò múra sílẹ̀ fún kí ẹ gbọ́ mi kí ẹ sì ní ọkùnrin ni.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ kí obìnrin ké tó bẹ́ẹ̀, ẹ ìbá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi rárá ní Ìkórè, kódà "òkè òkun" náà. N kò sì rò pé n ó lè kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀.

Olúwajùwọ́nlọ.


Àtìkòrì, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024.

Olúwajùwọ́nlọ ọmọ mi,

Olúwa ni agbára wa. Lẹ́tà mi tí ó ṣáájú èyí kò rí èsì. Mo pè, fóònù rẹ dún títí. Ìyá rẹ pè, o gbé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá ti dárúkọ mi, ìwọ a ní ẹ̀rọ kò gbọ́ mọ́. Ó sọ fún mi lórí oúnjẹ pé, "Bàbá Ìbíyẹmí, ẹni tí ó bá pe ọmọ rẹ̀ ní òpùrọ́, ta ni ó kọ́ ọmọ náà lédè?" Mo jẹun tán, mo dìde.

N kò korira igbe obìnrin. Bí mo bá korira rẹ̀, n kì bá ti gbé ìyá rẹ níyàwó. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo sọ. Kí o lè mọ̀ pé n kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ yín, mo fi ìwé orin náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, gbogbo ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí mo ṣe fi kọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Mo fi irin tí mo fi ń wọn ohùn wò ó dáadáa: dòh rẹ̀ ni C, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ relẹ̀ ju C ti dùùrù wa lọ. Mo rò pé okùn jìtá yín ti rọ̀. Ẹ fà á le.

Bí ohun kan bá ṣìnà nínú ìwé náà, tọ́ mi sọ́nà. Kọ̀wé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìlà kan.

Bàbá rẹ ni mo ṣì jẹ́,
Zechariah.


Columbus, Ohio,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Bàámi, Bàámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin tí ẹ ní mo jẹ́!

N kò fẹ́ ṣí ìwé orin yín. Sharon ni ó ṣí i, tí ó ń bèèrè ohun tí àwọn lẹ́tà kéékèèké náà túmọ̀ sí. Mo gbé jìtá láti fi hàn án. Bàámi, kò sí ohùn kan tí ẹ ṣì kọ, títí kan ibi tí ohùn mi ti sán díẹ̀ tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àfi ohun kan: orí F, tí ó ga ju C lọ dáadáa, ni a ti kọ orin náà. Ẹ̀yin gbọ́ ọ ní C, ó sì tún sọ̀ díẹ̀. Etí yín kì í ṣàṣìṣe. Nígbà náà, kí ni ó fà á?

Ẹ̀rọ Alhaji ni! Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí bọ́tìnnì kan tí ó ní nọ́ńbà méjì, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti márùndínláàádọ́ta, ìyẹn iye ìgbà tí àwo ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Àwo ńlá ìgbà èwe yín, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni gbogbo wọn. Tiwa bá wọn dọ́gba ní títóbi, ṣùgbọ́n márùndínláàádọ́ta ni. Ẹ̀yin ń fi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbọ́ ọ, ó ń yí jẹ́jẹ́ jù, ohùn mi sì rì sísàlẹ̀ títí ó fi di ti ọkùnrin. Jedidiah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pé kò sí ẹni tí ó tíì fi òun ṣe aṣáájú rí.

Ẹ foríjì mí nítorí lẹ́tà mi. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ fẹ́ràn kì í ṣe ohun tí a ṣe. Bí Alhaji bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, èmi gan-an ni ẹ ó gbọ́, ó sì lè máà wù yín. Ẹ gbọ́ ọ kí Ìkórè tó dé. Lẹ́yìn náà, ohunkóhun tí ẹ bá pinnu, n ó fara mọ́ ọn.

Ọmọ yín,
Olúwajùwọ́nlọ.


Àtìkòrì, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ògo ni fún Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí àṣìṣe àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ́ títí.

Èmi àti ìyá rẹ lọ sí Jápárà. Alhaji tẹ bọ́tìnnì náà, ó sì gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Orin náà bú sí wa létí bí òjò tí ó já lu páànù. Alhaji fò dìde lórí àga. "Subhanallah! Tíṣà, ta ni ó ń lé wọn?"

Mo ní, "Jókòó, Alhaji. Bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn."

"Èyí kì í ṣe ìrìn o. Àwọn wọ̀nyí ti dé Ṣàgámù kí a tó wọ bàtà."

N kò ní purọ́ fún ọ. Orin mẹ́ta àkọ́kọ́ ju agbára etí mi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan "Ọkọ̀ Ìwópin", tí o sì ké pe atukọ̀, ìyá rẹ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ohùn rẹ ni. Kò sí ẹlòmíràn tí Ọlọ́run fún ní irú rẹ̀, mo sì pè ọ́ ní òpùrọ́ lórí rẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ náà padà.

Nípa Ìkórè, n kò tíì lè ṣèlérí. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ ti gbọ́ pé orin ayé ni mo fi ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin, ó sì ti lọ bá Fíkà wa. Fíkà ní ọwọ́ mi ni òun fi í sí. Èyí wúwo ju kí ó kọ̀ lọ. Fún mi láyè kí n gbàdúrà sí i.

Bàbá rẹ,
Zechariah.


Àtìkòrì, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Olúwajùwọ́nlọ, ọmọ mi,

Àánú Olúwa dúró títí láé. Ìkórè ti kọjá. Ìyá rẹ ní iná mànàmáná lọ, pé ìsìn kò dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, o kò sì rí nǹkan kan. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó ti tábìlì yìí láti òwúrọ̀.

Lẹ́yìn lẹ́tà mi tí ó kọjá, mo ya ìwé orin ti tẹ́lẹ̀. Mo kọ tuntun ní F, mo sì gba ipò aṣáájú lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin fún àwọn obìnrin. Olórí àwọn ọkùnrin bínú. "Tíṣà, ẹ gba orin lẹ́nu wa!" Mo ní, "Mo dá a padà fún ẹni tí ó ni ín ni." Nígbà tí mo sọ fún wọn bí yóò ṣe yára tó, wọ́n rò pé ara mi kò yá. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, àwọn ìyá àgbà mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ó gun òkè. Ìyá rẹ ní, "Ẹ má dúró! Èmi yóò ṣáájú!" Kò sì wo ìwé.

Ní ọjọ́ náà, ó kàn mí. Mo dúró níwájú àga ìwàásù. Mo ní, "Ìbíyẹmí, amòfin." Wọ́n ní, "Ọpẹ́ ni fún Olúwa."

Mo ní, "Olúwajùwọ́nlọ." Mo rí àgbà tí ó lọ bá Fíkà, ó tẹjú mọ́ mi. Mo ní, "Olórin ni. Òun ni aṣáájú orin nínú ẹgbẹ́ Late Bell, ní Amẹ́ríkà. Àwo méjì ni wọ́n ti ṣe. Orin wọn kì í ṣe orin ìjọ. Ó yára, ó sì le. Èmi tí mo bí i ti gbọ́ ọ, mo sì ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ lónìí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń dúpẹ́ lórí iṣẹ́ amòfin."

Ìjọ dákẹ́. Mo ní kí n má jókòó títí wọn yóò fi dáhùn, bí ó tilẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lábẹ́ àtíbàbà ìta, níbi tí àwọn àlejò máa ń jókòó, ohùn kan ké: "Alhamdulillah!"

Alhaji Mùtàlíbù ni. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Fíkà pàápàá fi ìwé bojú. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni wọ́n dáhùn, tí òrùlé fi mì: "Ọpẹ́ ni fún Olúwa!"

Ẹgbẹ́ akọrin dìde. Wọn kò lè sáré tó yín, ọmọ mi, ṣùgbọ́n wọn kò rìn. Ìyá rẹ mú un ní òkè pátápátá, ó sì dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yìn ti mọ ègbè rẹ̀. Àgbà tí mo sọ kò kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò jáde.

O mọ̀ pé Bàbá Lọ́yà ni gbogbo Àtìkòrì ń pè mí láti ọdún tí Ìbíyẹmí ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ní àná, bí mo ṣe ń ti ọjà bọ̀, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí yà fún mi lọ́nà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bàbá Olórin, ẹ kú Ìkórè o."

Mo wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni ó ń kí. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo sì jẹ́ ẹ.

Kí Ọlọ́run tí ó fún ọ ní ohùn náà kún ilé rẹ pẹ̀lú àlàáfíà. Kí ó bùkún ilé Sharon àti ilé Jedidiah, àti gbogbo ẹni tí ń gbé abẹ́ òrùlé yín. Kí àwo yín má fọ́, kí ọ̀nà yín má dí, kí ẹnu ọ̀nà ilé yín má ṣe ṣàìrí ẹni tí ń wọlé pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá Olórin.